Àkànní, Jẹ́ Kí Owó Òtẹ́ẹ̀lì Yẹn Lọ

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọmọ rẹ kékeré lẹ́nu ti lọ? Orúnkún mi ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe nígbà òjò, àmọ́ mo ṣì ń gun àtẹ̀gùn fúnra mi, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé mi ò lè rìn mọ́. Màámi Òkè-Àdó kí ọ, wọ́n ní láti ọdún tó kọjá lo ti ní o máa pe àwọn padà. Bá mi kí ìyá ìyàwó rẹ pẹ̀lú, sọ fún wọn pé èlùbọ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ dára, kò ní iyanrìn rárá.

Mo kọ ìwé yìí nítorí pé fóònù kò ṣeé fi bá ọ wí. Bí mo bá ti ń sọ̀rọ̀, wàá máa ní "Bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà," títí owó inú fóònù mi á fi tán. Ìwé kì í tán lójijì.

Mo gbọ́ pé ẹ lọ sí Ìkógòsì, ẹ sì padà láìdé ibẹ̀. Kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Bísí wa ló fi fídíò ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, fídíò tí ìwọ fúnra rẹ gbé síta: omi pupa lójú títì, ó ti mu táyà dé ìdajì, àwọn ọmọ ń ké lẹ́yìn ọkọ̀, ìwọ ń rẹ́rìn-ín, o ń pariwo pé, "Jíìpù ni, kò sí wàhálà!" Mo wò ó tán, mo gbé fóònù sílẹ̀, oúnjẹ alẹ́ ò lọ lọ́fun mi. Ìgbà tí mo pe ìyàwó wa ló tó sọ ìyókù: pé inú ọkọ̀ lẹ sùn sí nílé epo kan lẹ́yìn Iléṣà, pé ilẹ̀ mọ́ kí ẹ tó rí ọ̀nà padà, pé òtẹ́ẹ̀lì ní àwọn ò ní dá owó padà, àti pé nítorí owó yẹn, o tún fẹ́ kó òun àtàwọn ọmọ jáde ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, òjò rọ̀ o, òjò ò rọ̀ o. Má bá a jà pé ó sọ fún mi. Èmi ni mo fún un lọ́rùn.

Ó ní o sọ pé Ògọ́ọ̀sì la wà, òjò ti lọ sinmi. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ? Jọ́gíráfì ni mo fi ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, mo mọ ìsinmi òjò yẹn dáadáa. Òótọ́ ni pé láti ìparí oṣù Júláì wọ Ògọ́ọ̀sì, òjò ilẹ̀ wa máa ń dín kù kó tó tún gbára jọ ní Sẹ̀tẹ́ńbà. Ṣùgbọ́n ta ló bá òjò tọwọ́ bọ̀wé? Ọjọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1980 ni odò Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn. Ọjọ́ 26 oṣù Ògọ́ọ̀sì 2011 ni omíyalé mìíràn tún dé, tó wó afárá Apẹ́tẹ̀, tó gba ẹ̀mí èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tó sì wọ oko ẹja Yunifásítì Ìbàdàn. Àwọn tó ń ronú pé odò kan ṣoṣo ló wà ní Ìbàdàn kẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Nínú ìsinmi òjò tí ò ń sọ yìí ni méjèèjì ṣẹlẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ wà ní họlidé, tí ojú ọjọ́ sì ti tan gbogbo èèyàn.

O mọ̀ pé a kì í dárúkọ Àjàní àbúrò wa lásán nínú ilé wa. O mọ fọ́tò tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n bàbá rẹ. Ohun tí o kò mọ̀ ni ti ìrẹsì.

Òǹdó la ti wá lo họlidé ní Ìbàdàn lọ́dún 1980, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ. Mo ti ṣèlérí fún àwọn ọmọ pé a máa lọ wo ẹranko ní ọgbà Agodi. Ọjọ́ Sọ́ńdè ló bọ́ sí. Mo ti se ìrẹsì, mo ti dín adìẹ, mo ti di gbogbo rẹ̀ sínú kúlà, mo sì ti wọ aṣọ àǹkárá tuntun fún wọn. Òjò bẹ̀rẹ̀, kò sì dáwọ́ dúró. Ìyá wa ní ká bọ́ aṣọ lọ́rùn àwọn ọmọ, ká jẹ ìrẹsì wa nínú ilé. Mo fàáké kọ́rí. Mo ní mo ti náwó, mo ní oúnjẹ á bàjẹ́, mo ní òjò wo ni ò rọ̀ rí. Bẹ́ẹ̀, gbogbo ilé mọ̀ pé Ògùnpa ti ya ní 1978, kò tí ì pé ọdún mẹ́ta. Mo wá rán Àjàní pé kó lọ wo ojú títì bóyá á rí táksì, kó ṣèlérí ìlọ́po méjì owó fún un. Ó fi ọ̀rá borí, ó ń rẹ́rìn-ín jáde. Ẹ̀rín inú fídíò rẹ yẹn gan-an ni, Àkànní. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè jẹun.

A rí òkú rẹ̀ ní Ọjọ́rú. Wọn ò jẹ́ kí ìyá wa wò ó.

Ògùnpa kì í ṣe odò ńlá o. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wàá kọjá lórí rẹ̀ tí o ò ní mọ̀ pé odò ni. Ìdọ̀tí tí a dà sí i, ilé tí a kọ́ lé etí rẹ̀, wọn ò jẹ́ kó rí ọ̀nà gbà, ó bá gba ojúlé wa. Ọgbà Agodi tí mò ń bá ìyá mi jà lé lórí, omi náà bà á jẹ́. Ká ní táksì wá pàápàá, ibo là ń lọ? Ìrẹsì náà kan, èmi ni mo fọwọ́ ara mi dà á nù. Bàbá rẹ kò bi mí ní ìbéèrè kan títí di òní, mo sì máa ń rò pé ì bá sàn kó bi mí.

O wá ń fi jíìpù yangàn. Omi tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ lè gbé mọ́tò kékeré léfòó. Tó bá ti tó 60, ọ̀pọ̀ jíìpù ni yóò gbé, 60 kò sì dé ìbàdí ọmọ rẹ àgbà. Omi pupa kì í jẹ́ kéèyàn rí ìsàlẹ̀: o ò mọ̀ bóyá títì ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ tàbí àgbàrá ti gbẹ́ ẹ lọ. Ká tiẹ̀ ní o kọjá níbẹ̀, òkè Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ṣì wà níwájú, kọ́nà lórí kọ́nà, kùrukùru a sì bo gbogbo rẹ̀. Awakọ̀ tó dàgbà síbẹ̀ máa ń rọra wakọ̀ níbẹ̀. Ká má tíì sọ ìwọ ará Èkó.

Wo Bísí. Ní oṣù Disẹ́ńbà 2010, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, ó ti ra ẹ̀bùn gbogbo wa, ó ń bọ̀ wá ṣe Kérésì. Yìnyín bọ́ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú Heathrow pa ní ọjọ́ 18. Orí ilẹ̀ ló sùn níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ó sunkún, ó bú wọn lórí fóònù títí ohùn rẹ̀ fi há. Àmọ́ kò sí ẹni tó sọ fún awakọ̀ òfuurufú pé kó kàn rọra máa lọ. Bísí wá ní Ọdún Àjíǹde, ó jẹ adìẹ tó yẹ kó jẹ ní Kérésì, ó sì fi kún un pàápàá. Ṣé ó kú?

Kí ló tiẹ̀ ń lé yín dé Ìkógòsì? Mo ti débẹ̀. Ó dára, mi ò parọ́: omi gbígbóná àti omi tútù pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ. Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá ńlá rẹ, kò ní ṣí lọ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé. Ẹ lọ ní Jánúárì. Àwa, nígbà tiwa, ilé ìyá àgbà ni họlidé, a sì máa ń sanra kí a tó padà. Àwọn ọmọ rẹ ti wo òkun Èkó sú, wọn ò mọ yàrá tí wọ́n ti bí bàbá bàbá wọn. Mo ti sọ èyí tẹ́lẹ̀, màá sì tún sọ ọ́. Gbẹ̀gìrì wà níbí, ewédú wà níbí. Ṣùgbọ́n tí òjò bá ṣú, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi náà. Mi ò fẹ́ rí yín tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ owó yẹn ló ń dùn ọ́, àjọ mi máa jáde lóṣù yìí. Màá fi ìdajì rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyàwó wa, kì í ṣe sí ọ, nítorí epo ọkọ̀ lo máa fi rà. Pe òtẹ́ẹ̀lì náà lónìí, kí o ní ẹ ò wá mọ́. Bí wọ́n bá ní wọn ò ní yí ọjọ́ padà fún yín, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí o gbé fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí ìyàwó wa pè mí wá sọ fún mi pé o ti ṣe é. Má pè mí fúnra rẹ, mo mọ bí ohùn rẹ ṣe máa ń rí tó o bá ń purọ́ fún mi.

Èmi ni,
Àǹtí rẹ àgbà, Àbẹ̀kẹ́