Àkànní, Ta Ló Sọ Fún Ọ Pé Ìbò Rẹ Kò Já Mọ́ Nǹkan?

Wá jókòó síbí, Àkànní. Kì í ṣe ọ̀hún, ibi tí mo ti lè rí ojú rẹ ni. Ọkọ mi ni ọ́, mo sì fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí o sọ lẹ́ẹ̀kan, pé o ò lè lọ tò sínú oòrùn nítorí ìbò ẹyọ kan tí kò já mọ́ nǹkan, mi ò ní jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n mọ́jú nígbà tí wọ́n ń ka ìbò Amẹ́ríkà! O mọ̀ pé 270 ni wọ́n ń wá. O mọ iye tí Pennsylvania ní. Mo ní kí lorúkọ wọ́ọ̀dù tìrẹ, o ń wo òrùlé.

Ó dáa, Amẹ́ríkà yẹn náà ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2016, Hillary Clinton fi ohun tó fẹ́ẹ̀ tó mílíọ̀nù mẹ́ta ìbò ju Trump lọ, Trump ló sì wọlé, torí pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà lọ́hùn-ún, tí wọ́n ń ro iye tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní pọ̀ kó lè pé 270 yẹn. Ẹni tó ń gbé ibi tí ẹgbẹ́ kan ti fìdí kalẹ̀ pátápátá, tó bá ní ìbò òun kò yí nǹkan padà, mo lè gbà fún un díẹ̀. Àmọ́ ìbò 537 péré ni Bush fi gba Florida lọ́dún 2000, Florida yẹn ló sì gbé e dé ilé ìjọba. Ṣé o rò pé àwọn tó sùn sílé ní Florida lọ́jọ́ náà kò ju 537 lọ?

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Níbí, gbogbo ìbò ni wọ́n ń rò pọ̀, láti Bàdágìrì dé Máídúgùrì. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ló ń ṣáájú, ṣùgbọ́n òfin ní ìyẹn nìkan kò tó. Ó tún gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò, ó kéré tán, ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀, ìyẹn 24 nínú 36 tí a ní, òfin sì dárúkọ Àbújá mọ́ ọn. Kí ẹnì kan má baà fi ìbò ìlú bàbá rẹ̀ nìkan di ààrẹ ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Wò ó dáadáa: bí ẹni tí o dìbò fún kò bá tilẹ̀ mókè ní ìpínlẹ̀ rẹ, ìbò rẹ ṣì lè bá a pé ìdá kan nínú mẹ́rin, tàbí kó dín ti ẹnìkejì kù.

Ìwọ ò tíì dáyé nígbà tí ìdá yẹn dá wàhálà sílẹ̀. Ọdún 1979 ni mo kọ́kọ́ dìbò ààrẹ, ìpínlẹ̀ 19 la sì ní. Shagari rí bíi mílíọ̀nù 5.7 ìbò, Bàbá Awólọ́wọ̀ rí 4.9. Ìpínlẹ̀ 12 ni Shagari ti rí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ti Kano, tí ì bá jẹ́ ìkẹtàlá, kò pé. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 19 wá jẹ́ kí ni? Ìpínlẹ̀ 12 àti ìdá méjì nínú mẹ́ta òmíràn. Ni lọ́yà Shagari, Akínjídé ọmọ Ìbàdàn, bá ní kí wọ́n pín Kano sí mẹ́ta, kí wọ́n mú méjì níbẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dá Shagari láre ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Bàbá yín àgbà bú ìṣirò títí wọ́n fi lọ. Ẹjọ́ ìdá yẹn kò sì tán síbẹ̀: lọ́dún 2023, wọ́n tún gbé e lọ síwájú adájọ́, pé Tinúbú kò rí ìdá kan nínú mẹ́rin ní Àbújá. Ilé ẹjọ́ sọ pé Àbújá kò ju ìpínlẹ̀ kan lọ.

O ní wọ́n á yí i. Mi ò ní parọ́ fún ọ, wọ́n ń yí i. Mo tò ní June 12, 1993, a ka èsì, Abíọ́lá wọlé, àwọn ológun sì fagi lé gbogbo rẹ̀. Lọ́dún 2023, INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ṣèlérí pé a óò máa rí èsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti àgọ́ ìdìbò, ṣùgbọ́n ti ààrẹ kò gòkè bó ṣe yẹ lọ́jọ́ náà. Inú bí èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ bínú jókòó sílé, ibo ni wọ́n kọ ìbínú yín sí? Nínú ìwé èsì, kò sí ojú ilà fún ẹni tó bínú.

Gbé ẹ̀rọ ìṣirò inú fóònù rẹ. Àwọn tó gba káàdì ìdìbò lọ́dún 2023 lé ní mílíọ̀nù 87. Àwọn tó débẹ̀ tí ẹ̀rọ sì yẹ̀ wò, bíi mílíọ̀nù 25. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti kú tí orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn sì wà tí jàǹdùkú lé. Yọ wọ́n kúrò bó ṣe wù ọ́. Mílíọ̀nù 8.8 ni Tinúbú fi wọlé. Àwọn tó gba káàdì tí wọn ò dìbò tó ìlọ́po méje ìyẹn! Bí èèyàn bá sì ṣe ń dín kù lórí ìlà, ìbò tí wọ́n fi owó rà ló ń wúwo sí i. O rò pé àwọn tó ń pariwo "dìbò kóo sebẹ̀" kò mọ ìṣirò ni? Ta ló ń fowó ra ohun tí kò wúlò?

Ní Ọ̀ṣun wa níbí, lọ́dún 2018, Adélékè rí 254,698, Oyètọ́lá rí 254,345. Yọ ọ́ fún mi. 353! Gómìnà ni, kì í ṣe ààrẹ, má dá ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. INEC ní ìdìbò kò tíì parí, pé kí wọ́n padà lọ dìbò ní àgọ́ méje. Ọ̀kan nínú rẹ̀ wà ní Òṣogbo níbí. Oyètọ́lá fi 482 borí. Bí o ṣe rí olóṣèlú tí kò mọ ọ̀nà àdúgbò tẹ́lẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, tí wọ́n ń kí ìyá alákàrà lórí ìkúnlẹ̀! Ariwo tó wà nínú àgọ́ yẹn kò bójú mu rárá, mi ò sì ní kí o máa yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò sọ fún àwọn ará ibẹ̀ pé ìbò wọn kò já mọ́ nǹkan.

Ní Èkó tí o wà náà ńkọ́? Ìlú tí Tinúbú ti ṣe gómìnà, Obi tí wọ́n jọ du ipò ààrẹ lọ́dún 2023 fi ìbò 9,848 nà án níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Èkó lé ní mílíọ̀nù méje. Ohun tí wọ́n sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ ni pé ibẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn.

Ìyá rẹ sọ fún mi pé Òṣogbo lo ti forúkọ sílẹ̀, pé káàdì náà gan-an, o ò lọ gbà á. Nínú mílíọ̀nù mẹ́fà ó lé tí ẹnikẹ́ni kò wá mú lọ́dún 2023 ni tìrẹ wà, o sì ń bá mi jiyàn. Lọ́jọ́ Ajé, kí o tó wọ mọ́tò padà, yà sí ọ́fíìsì INEC. Bí wọ́n bá fún ọ, béèrè bí o ṣe máa gbé orúkọ rẹ lọ sí Èkó, torí mi ò fẹ́ gbọ́ lọ́jọ́ ìdìbò pé ọ̀nà jìn. Àbúrò rẹ kékeré á bá ọ lọ. Mo mọ̀ ọ́: bí ó bá ku ìwọ nìkan, ibi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lo máa yà sí.