PSA Kì í Ṣe Orúkọ Àrùn

“Wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ bàbá wò, wọ́n ní bàbá ní PSA.” Gbólóhùn yìí ti ń di gbajúmọ̀ lẹ́nu àwọn ará ilé aláìsàn, kò sì tọ̀nà.

PSA kì í ṣe àrùn. Purotéènì kan ni tí prostate ń ṣe, ìyẹn ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀ ọkùnrin, tó rọ̀gbà yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká. Ọkùnrin tí ara rẹ̀ le koko náà ní in nínú ẹ̀jẹ̀. Bó ṣe pọ̀ tó ni dókítà ń wò. Ohun tó yẹ ká máa wí ni “PSA bàbá ga”. Bó bá sì ga, ẹ má tíì sunkún: prostate tó kàn ń tóbi bí ọjọ́ orí ṣe ń lọ lè gbé e sókè, kòkòrò àrùn tó wọ ibẹ̀ náà lè gbé e sókè.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tó bá ọ̀ràn yìí mu rẹ́gí, àfi bí a ṣe ń lò wọ́n bí ẹni pé ọ̀kan ni wọ́n: àmì àti ẹ̀rí. Bí ojú ọ̀run bá ṣú, àmì òjò nìyẹn, ó sì lè ṣú kó má rọ̀. PSA tó ga, àmì pé jẹjẹrẹ prostate lè wà ni. Ẹ̀rí kò tíì sí, àfi bí dókítà bá fi abẹ́rẹ́ bu ẹran ara díẹ̀ níbẹ̀, tí wọ́n fi maikirosíkóòpù wò ó, tí wọ́n rí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí àyẹ̀wò PSA ní 1986, ẹni tí jẹjẹrẹ prostate ti wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń fi tọ́pinpin. Ó di 1994 kí wọ́n tó gbà pé ká fi wá àrùn náà, wọ́n sì ní kí dókítà fi ìka yẹ ibẹ̀ wò pẹ̀lú rẹ̀. Oníròyìn tó bá wá kọ ọ́ pé “ẹ̀jẹ̀ ti fi ẹ̀rí jẹjẹrẹ hàn” kó ìpayà bá odindi ìdílé.

Ọ̀rọ̀ tó tún ń dùn mí ni ràn. “Jẹjẹrẹ náà ti ràn dé eegun.” Létí Yorùbá, àrùn tó ń ràn ni èyí tí ẹnìkan ń kó lára ẹlòmíràn, bí ikọ́ ife, bí Àpólò. Ẹni tó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lè ya abọ́ ìjẹun bàbá rẹ̀ sọ́tọ̀, kó máa lé ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀ bàbá àgbà, lásìkò tí bàbá nílò ènìyàn jù. Ẹ jọ̀wọ́, ó tàn dé eegun ni. Kì í sì í ṣe jẹjẹrẹ eegun: sẹ́ẹ̀lì prostate ni, ibi yòówù tó bá tàn dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀fóóró ni jẹjẹrẹ wà, ẹ má gé orúkọ rẹ̀ kúrú sí ẹ̀dọ̀. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀dọ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀dọ̀fóóró tí a fi ń mí.

Ní ti ẹ̀dọ̀fóóró yìí, ní 2004 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé jíìnì kan, EGFR, máa ń yí padà nínú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóóró àwọn kan, àti pé irú wọn ni oògùn gefitinib ń ṣiṣẹ́ fún jù. Gbàrà tí a bá ti gbọ́ “jíìnì” báyìí, “àrùn ìdílé” ló ń bọ́ lẹ́nu wa. Rárá o. Lọ́pọ̀ jù lọ, inú ẹ̀dọ̀fóóró ẹni náà ni àyípadà yìí ti ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó ti dàgbà. Kò jogún un, kò sì ní fi í sílẹ̀ fún ọmọ. Ti jíìnì mìíràn, BRCA2, ló yàtọ̀. Àyípadà tirẹ̀ lè jẹ́ àjogúnbá: ó lè fa jẹjẹrẹ prostate fún bàbá, kó sì fa ti ọmú fún ọmọ rẹ̀ obìnrin. Bí wọ́n bá bá irú àyípadà àjogúnbá bẹ́ẹ̀ lára bàbá, kí àwọn ọmọ náà lọ bá dókítà sọ̀rọ̀, àtọkùnrin àtobìnrin wọn.