Kí Wọ́n Tó Ya Egbò Yín Ní Fọ́tò

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ọ̀ràn fóònù tí àwa nọ́ọ̀sì ń mú wọ yàrá tí a ti ń wẹ egbò ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ìyá kan tí ń ta tòmátì ní Mile 12 ni egbò dá sí lẹ́sẹ̀. (Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbà mí láyè láti kọ ọ́ síhìn-ín, mo sì ti yí ohun tí a fi lè dá a mọ̀ padà.) Mo ní, "Ìyá, mo fẹ́ ya ẹsẹ̀ yín kí dókítà lè mọ̀ bí ó bá ń jiná." Ó gbà. Ẹnìkan láàárín wa gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp kan, ó ní òun fẹ́ fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn ni. Kò sí orúkọ níbẹ̀, kò sí ojú, ṣùgbọ́n àpá iná àtijọ́ kan wà lókè egbò náà. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí ti ìyá náà ti rí i. Ìyá náà kò padà wá wẹ egbò mọ́, egbò tí ó kù díẹ̀ kí ó san! Nígbà tí a pàdé ní Ketu, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin ni mo gbà fún, n kò gbà fún gbogbo ọjà." Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ọkàn mi.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 2014, ní ìpín 26, wí pé àṣírí ni ọ̀ràn àìsàn àti ìtọ́jú ẹni. A kò gbọdọ̀ tú u síta àyàfi bí aláìsàn bá fi ìwé gbà, tàbí bí ilé ẹjọ́ tàbí òfin bá pàṣẹ, tàbí bí pípa á mọ́ bá lè kó ewu ńlá bá ará ìlú. Òbí ni í gbẹnu sọ fún ọmọdé. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti ọdún 2023 sì fi kún un pé ẹni tí ó ti gbà lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbàkigbà.

Nítorí náà, ẹ bèèrè pé: kí ni ẹ fẹ́ fi fọ́tò náà ṣe? Ta ni yóò rí i? Fóònù ta ni yóò wà? Bí ẹ bá gbà fún fáìlì yín, ẹ kò tíì gbà fún kíláàsì tàbí Facebook. Bí ẹ bá kọ̀, a kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ fi ìtọ́jú dù yín. Bí wọ́n bá ní àwọn yóò fi dúdú bo ojú yín, ẹ rántí ilà ojú, aṣọ, àti káàdì orí bẹ́ẹ̀dì.

Àwa nìkan kọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá kí aláìsàn, tí ẹ ń ya ìyá yín lórí bẹ́ẹ̀dì láti fi ṣe "status", ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa: aláìsàn ti bẹ́ẹ̀dì kejì náà wà nínú fọ́tò yín.