Ohun Tí Ìlú Kumasi Fi Ń Yangàn

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ olùkọ́, bí ẹ bá bi ọmọ Kumasi léèrè ohun tí ìlú rẹ̀ fi ń yangàn, kì í ṣe ilé gíga ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, bí kò ṣe Àga Wúrà. Ìtàn àwọn Àṣàǹtí sọ pé Okomfo Anokye, àwòrò Ọba Osei Tutu, ni ó pe àga náà sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run, àti pé ẹ̀mí gbogbo Àṣàǹtí ni ó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni ẹnikẹ́ni kì í fi í jókòó lé e, ìbáà ṣe ọba.

Ní 1874, ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ìṣúra ààfin Kumasi, wọ́n sì ti iná bọ ìlú náà. Ní 1896, wọ́n mú Ọba Prempeh Kìíní lọ sí ìgbèkùn. Ní 1900, Gómìnà Hodgson béèrè Àga Wúrà kí òun lè jókòó lé e. Yaa Asantewaa, ìyá-ọba ìlú Ejisu, ni ó ṣíwájú ogun tí ó tẹ̀ lé èyí. Gẹ̀ẹ́sì borí, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò tẹ àga náà.

Prempeh padà dé ní 1924. Ilé tí a kọ́ fún un ní Manhyia ní 1925 ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé láti 1995. Ní 2024, díẹ̀ nínú wúrà tí a kó ní 1874 padà síbẹ̀. Àwọn tí ó ti Amẹ́ríkà wá padà pátápátá. Àwọn tí ó ti London wá, yíyá ni wọ́n yá wọn fún onílé. Ẹ wo bí a ti ń yá ènìyàn ní ohun ìní baba rẹ̀!

Àlejò tún lè dé Bonwire, níbi tí wọ́n ti ń hun kente ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí aṣọ òfì wa, tàbí ọjà Kejetia. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó ti ṣòwò ní Kumasi rí. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Ghana fún àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti lọ, ọ̀pọ̀ wọn sì fi ilé àti ọjà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ ní ògo ìlú, kí a má sì fi ẹkún inú rẹ̀ pamọ́.

Ìbéèrè:
1. Kí ni ìdí tí ọba kò fi ń jókòó lé Àga Wúrà?
2. Kí ni ìlú tìrẹ kò ní jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tá tẹ̀?