Eku Tó Gbàgbé àti Eku Tí Kò Fẹ́ Ṣiṣẹ́: Bí A Ṣe Ń Yà Wọ́n Sọ́tọ̀

Bí a bá fún eku ní oògùn, tí kò sì ṣe ohun tí a kọ́ ọ mọ́, ó lè jẹ́ pé ó gbàgbé. Ó sì lè jẹ́ pé ó rántí dáadáa, kò kàn wù ú láti ṣe é ni. Scopolamine, tó wà nínú gẹ́gẹ́mu, la ó fi ṣe àpẹẹrẹ ti ìrántí; haloperidol, oògùn àwọn alárùn ọpọlọ, la ó fi ṣe ti ìtara.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan eku kankan, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìtọ́jú ẹranko. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín mọ́ àwọn eku náà lára, nítorí jìnnìjìnnì nìkan tó láti ba iṣẹ́ jẹ́. Ẹ fi ìbò pín wọn. Kí ẹlòmíì kọ àmì sára ìgò, kí ẹni tó ń wo eku má mọ èyí tó jẹ́ oògùn àti èyí tó jẹ́ omi oníyọ̀ lásán.

Ní ti scopolamine, míligíráàmù 1 fún kílò kan ni ọ̀pọ̀ ń lò fún eku kékeré. Eku tó wọn gíráàmù 25 yóò gba míligíráàmù 0.025. Ẹ pò ó mọ́ omi oníyọ̀ títí mílílítà kan yóò fi ní míligíráàmù 0.1, kí ẹ wá gún mílílítà 0.25 sí inú ikùn rẹ̀. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30.

Ẹ gbé e sínú àpótí onípá mẹ́ta tó rí bíi lẹ́tà Y, kí ẹ pe apá wọ̀nyẹn ní A, B àti D. Fún ìṣẹ́jú 8, ẹ máa kọ apá tó bá wọ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wọlé kí ẹ tó kà á. Eku a máa fẹ́ yẹ ibi tó ti pẹ́ tó dé wò, nítorí náà èyí tó bá rántí ibi tó ti ń bọ̀ yóò máa yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ká. Ká ní ó rìn báyìí: A B D B A D B D A B. Ó wọlé nígbà 10. Ẹ kà á ní mẹ́ta-mẹ́ta: ABD, BDB, DBA, títí dé òpin. Ẹ ó rí 8; nínú 6 lára wọn, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò jọra. 75 nínú 100 nìyẹn. Eku tó kàn ń rìn ṣáá, tí kì í ṣáà padà sí apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, yóò wà ní nǹkan bíi 50. Ẹ fi ẹ́tánọ́ọ̀lù nu àpótí kí òmíràn tó wọ̀ ọ́, kó má baà máa tọ òórùn.

Ẹ tún wo iye ìgbà tó wọlé. Scopolamine sábà máa ń mú eku kékeré rìn kiri. Haloperidol máa ń mú un jókòó sójú kan. Eku tó wọlé nígbà 5 péré kò tíì sọ nǹkan kan nípa ìrántí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ ti pinnu iye tó kéré jù tí ẹ máa gbà.

Ìdúró kí eku tó yan apá ló ń tú àṣírí jù, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn kan ń fò ó. Ẹ lo àpótí tó rí bíi T fún eku ńlá. Ẹ dí apá kan kó lè jẹun ní apá kejì, ẹ mú un padà, kó dúró, kí ẹ wá ṣí méjèèjì. Oúnjẹ wá wà ní apá tí ẹ dí tẹ́lẹ̀. Ẹ da ìdúró ìṣẹ́jú àáyá 5, 30 àti 60 pọ̀. Bí ìrántí ló bàjẹ́, yóò ṣe dáadáa ní 5, àṣìṣe yóò wá máa pọ̀ bí ìdúró ṣe ń gùn. Bó bá ń ṣìnà bákan náà ní 5, ẹ wá ìdí mìíràn: ojú, ẹsẹ̀, ebi, àbí ìtara. Scopolamine gan-an tí gbogbo wa ń pè ní oògùn ìgbàgbé máa ń kùnà níbí nígbà mìíràn, torí pé àfiyèsí ló ń bàjẹ́.

Fún ìtara, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Hodos fi ọ̀nà kan hàn ní 1961. Ẹ dín oúnjẹ eku kù títí yóò fi wọn 85 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ àtẹ̀yìnwá, kí ẹ kọ́ ọ láti tẹ ọ̀pá fún oúnjẹ dídùn. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà 2, 4, 6, 9, 12, 15, 20. Ibi tó bá ti jáwọ́ ni òṣùwọ̀n yín.

Àmọ́ ṣé kì í ṣe pé ebi ò pa á? Olùwádìí mìíràn, Salamone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé oúnjẹ lásán sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá náà. Eku tó gba haloperidol díẹ̀ dín títẹ ọ̀pá kù, ó sì jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ebi ń pa á, wàhálà ni kò fẹ́. Tí kò bá jẹ ọ̀kankan nínú méjèèjì, ẹ má pè é ní ìtara. Ẹ wọn oúnjẹ tó ṣẹ́kù, àti èyí tó dà sísàlẹ̀ àgò, kí ẹ tó kọ iye kankan sílẹ̀.