Ẹ Mú Aṣọ Funfun Dání: Àlejò Ìsìn ní Salvador

Àwọn ará wa tó ti Bràsíl padà sí Èkó láyé àtijọ́ là ń pè ní Àgùdà, orúkọ yẹn náà la sì fi ń pe ìjọ Kátólíìkì títí dòní. Bí Yorùbá bá wá dé Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia, ilé ẹbí tó ti pẹ́ tí a ò fojú kàn ló dé. Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé nǹkan bí 57 nínú ọgọ́rùn-ún ará Bràsíl ló jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà, àwọn ìjọ ajíhìnrere fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 27, àwọn tó ní ẹ̀sìn òrìṣà làwọn ń ṣe ò ju bí 1 lọ. Ṣùgbọ́n ní Salvador, obìnrin kan náà lè gba Máàsì láàárọ̀ kó sì jó fún Ọ̀ṣun lálẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Rosário dos Pretos ní àdúgbò Pelourinho, èyí tí ẹgbẹ́ àwọn adúláwọ̀ kọ́ nígbà tí oko ẹrú ṣì wà. Ìlù àti agogo ni wọ́n fi ń gbe orin Máàsì níbẹ̀. Ẹ tètè dé, ó máa ń kún. Bí ẹ bá fẹ́ wo São Francisco, ṣọ́ọ̀ṣì oníwúrà tí kò jìnnà síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ó ṣí: àjà òkè rẹ̀ wó ní oṣù Kejì ọdún 2025, ó sì pa àlejò kan.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù Kìíní, wọ́n máa ń fẹsẹ̀ rìn tó kìlómítà 8 lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim, tí wọ́n kọ́ parí ní 1754. Àwọn ìyá aláṣọ funfun á fi omi olódòdó fọ àtẹ̀gùn rẹ̀. Jésù, Olúwa Bonfim, ni ẹlòmíì ń bọlá fún, Òrìṣàálá ni ti ẹlòmíì, ọ̀pọ̀ ò sì ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ẹ wọ funfun àti bàtà tó rọrùn. Bí wọ́n bá so rìbọ́nù mọ́ yín lọ́wọ́, kókó mẹ́ta ni, ẹ̀bẹ̀ kan fún kókó kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gé e. Ẹ jẹ́ kó gbó já fúnra rẹ̀.

Ilé òrìṣà ló gba ìwà jù. Casa Branca ni àkọ́kọ́ tí ìjọba Bràsíl kà mọ́ ohun ìní orílẹ̀-èdè, ní 1984; ìyálórìṣà Mãe Aninha dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní 1910. Títí di 1976, ọlọ́pàá ni wọ́n ń tọrọ àyè lọ́dọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó lè lùlù fún òrìṣà ní Bahia. Ojúbọ ni àwọn ilé yìí, wọn kì í ṣe ibi ìran. Ẹ béèrè ṣáájú bóyá ọdún tí wọ́n fẹ́ ṣe wà fún àlejò. Ọ̀pọ̀ ilé kì í ṣe ọdún nígbà Lẹ́ńtì. Ẹ má wọ dúdú, ẹ má wọ ṣòkòtò péńpé. Ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Ẹ má ya fọ́tò. Bí òrìṣà bá gun ẹnì kan, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí àwọn onílé bá dìde, ẹ dìde. Ọdún náà lè kọjá ọ̀gànjọ́, nítorí náà ẹ ti bá onímọ́tò sọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ ó gbọ́ orin Yorùbá tí ẹ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ níbẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ ti yí lẹ́nu wọn, torí Pọtogí kì í ṣe èdè olóhùn. «Iaô» wọn ni ìyàwó òrìṣà. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tún un ṣe fún wọn. Àlejò kì í pìtàn ìlú fún onílé, àwọn wọ̀nyí sì pa orin náà mọ́ lábẹ́ pàṣán. Ẹ má sì sọ pé Barbara Mímọ́ ti ìjọ Àgùdà ni Ọya. Lóòótọ́, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, èrò aláṣọ pupa ń bọlá fún àwọn méjèèjì pọ̀. Ṣùgbọ́n ní 1983, Mãe Stella ti Òpó Àfọ̀njá àti àwọn ìyálórìṣà míì kéde pé òrìṣà kì í ṣe ẹni mímọ́ ìjọ. Ohun tí ilé tí ẹ wà bá sọ ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Ebi á pa yín. Àkàrà wà lójú pópó, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, wọ́n á là á láàárín kí wọ́n tó ki edé sí i. Oúnjẹ Ọya ni, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìyá alákàrà fi ń wọ funfun àti ìlẹ̀kẹ̀. Àwọn ajíhìnrere tó ń dín in ń pè é ní àkàrà Jésù. Bí wọ́n bá bi yín ní «quente?», ata ni wọ́n ń béèrè. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni.