Kíkọ́ Ọmọ Òrukàn ní Ẹ̀kọ́: Ojúṣe Alágbàtọ́ nínú Sharia àti Àpẹẹrẹ Kan láti Maiduguri

Ìfáárà

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó ń tọ́ gbogbo ẹ̀dá. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i, tí ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 6, tí bàbá-bàbá rẹ̀ tí ó gbà á tọ́ sì tún kú nígbà tí ó di ọmọ ọdún 8, kí ó tó bọ́ sí ọwọ́ Abu Talib, arákùnrin bàbá rẹ̀. Kí ìkẹ́ náà kárí àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Lẹ́yìn èyí, ó ṣọ̀wọ́n kí oṣù Ramadan ó wọlé kí ó sì jáde kí a má gbọ́ wáàsí lórí ẹ̀san tí ó wà fún ẹni tí ó bá ṣàánú ọmọ òrukàn. Ohun tí ó sì máa ń tẹ̀lé irú wáàsí bẹ́ẹ̀ ni ìrẹsì, ẹran iléyá àti aṣọ ọdún. Gbogbo rẹ̀ dára, Ọlọ́hun yóò sì san ẹ̀san rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún bá ti kọjá, tí ilé-ìwé sì wọlé, ta ni yóò ra ìwé fún ọmọ náà? Ta ni yóò béèrè ibi tí ó bá kéwú rẹ̀ dé?

Ohun tí a fẹ́ fi múlẹ̀ nínú àròkọ yìí ni pé ẹ̀kọ́ kì í ṣe èènì lórí gbígba ọmọ òrukàn tọ́. Òun gan-an ni ibi tí Sharia fẹ́ kí ìtọ́jú náà já sí. Ẹni tí ó bọ́ ọmọ òrukàn tí kò sì kọ́ ọ, ó ti ṣe iṣẹ́ rere, ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní àárín ọ̀nà. A ó wo ẹ̀rí èyí nínú Àlùkùránì, nínú hádíìsì àti nínú ìtàn àwọn ẹni ìṣáájú, lẹ́yìn náà a ó wo ilé-ìwé kan ní Maiduguri.

1. Ta ni ọmọ òrukàn, ìgbà wo ni ipò náà sì ń parí?

Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ fíkìhì, ọmọ òrukàn ni ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tí kò tíì bàlágà, nítorí pé ọrùn bàbá ni Sharia gbé ìnáwó ọmọ lé. Nítorí náà, ọmọ tí ìyá rẹ̀ wà láàyè tí bàbá rẹ̀ sì ti kú, òrukàn ni nínú òfin, bí a tilẹ̀ rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́.

Hádíìsì kan tí Abu Dawud gbà wá jẹ́ kí a mọ̀ pé orúkọ òrukàn kò sí mọ́ lẹ́yìn ìbàlágà. Àwọn kan ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé bí ọmọ bá ti bàlágà, ojúṣe alágbàtọ́ ti parí. Àṣìṣe ńlá ni èyí. Bí a bá wo ọmọ ọdún 14 tàbí 15 ní ayé òde òní, a ó rí i pé ó lè má tíì parí ilé-ìwé girama. Bí a bá dá owó rẹ̀ dúró ní ọjọ́ tí ó bàlágà, a ti dá a padà sí ibi tí a ti mú un.

Àlùkùránì tìkára rẹ̀ kò fi ìbàlágà nìkan ṣe òpin. Nínú Sùúratu n-Nisa', áyà 6, Ọlọ́hun pa á láṣẹ fún àwọn alámòójútó pé kí wọ́n máa dán àwọn ọmọ òrukàn wò títí wọn yóò fi tó ìgbéyàwó, bí wọ́n bá sì rí òye tí ó dúró lára wọn, kí wọ́n dá dúkìá wọn padà fún wọn. Ohun méjì ni a gbé kalẹ̀ níbí: ọjọ́ orí àti òye, èyí tí Lárúbáwá ń pè ní rushd. Àwọn onímọ̀ ṣe àríyànjiyàn lórí ẹni tí ó dàgbà tí kò ní òye. Imam Abu Hanifa ní kí a kó dúkìá rẹ̀ fún un bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 25, ṣùgbọ́n Imam Malik àti púpọ̀ nínú àwọn onímọ̀ ní kí a dì í mú títí òye yóò fi hàn. Ohun tí gbogbo wọn fi ẹnu kò lé lórí ni pé dídàgbà ara kò tó láti mọ̀ pé iṣẹ́ alágbàtọ́ ti parí.

2. Ìdánwò kò lè ṣáájú ẹ̀kọ́

Ó yẹ kí a ronú jinlẹ̀ lórí àṣẹ ìdánwò yìí. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí í dán ènìyàn wò lórí ohun tí kò kọ́ ọ. Bí Ọlọ́hun bá wá pàṣẹ pé kí a dán ọmọ òrukàn wò lórí òye rẹ̀, a jẹ́ pé kíkọ́ ọ ní ohun tí yóò fi ní òye náà wà nínú àṣẹ ọ̀hún. Ìlànà àwọn onímọ̀ usul ni pé ohun tí ọ̀ranyàn kò lè pé láìsí i, ọ̀ranyàn ni òun náà.

Áyà mìíràn tún ti èyí lẹ́yìn. Nínú Sùúratu l-Baqarah, áyà 220, nígbà tí àwọn Sàhábé béèrè nípa àwọn ọmọ òrukàn, ìdáhùn tí ó sọ̀ kalẹ̀ ni pé títún ọ̀rọ̀ wọn ṣe ni ó lóore jùlọ. Títún ọ̀rọ̀ ọmọ ṣe gbòòrò ju oúnjẹ lọ. Ní ìlú tí ẹni tí kò lè kọ orúkọ ara rẹ̀ kò ti lè ka ìwé àdéhùn, tí wọ́n lè fi ìka tẹ ìwé gbà ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kọ́ ni odi tí a mọ yí dúkìá ọmọ òrukàn ká.

3. Àwọn onímọ̀ tí a tọ́ ní òrukàn

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ìjọ Mùsùlùmí ìbá pàdánù ká ní wọn kò kọ́ ọmọ òrukàn, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn mẹ́ta yìí.

Àkọ́kọ́ ni Imam ash-Shafi'i, tí a bí ní Gaza ní ọdún 150 lẹ́yìn Hijra. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tí ó kéré, ìyá rẹ̀ sì gbé e lọ sí Makkah. Ìyá náà kò ní owó tí yóò san fún olùkọ́. Ohun tí olùkọ́ náà ṣe ni pé ó gbà kí ọmọ náà máa mójú tó àwọn ọmọ yòókù nígbà tí òun kò bá sí ní ìjókòó, kí èyí sì dúró fún owó ẹ̀kọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ yìí ní ìpín nínú gbogbo ohun tí mẹ́sábù Shafi'i ti ṣe láyé.

Ẹ̀kejì ni Imam al-Ghazali. Bàbá rẹ̀ fi òun àti Ahmad arákùnrin rẹ̀ lé ọ̀rẹ́ kan lọ́wọ́, ó sì fi owó díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ wọn. Nígbà tí owó náà tán, tálákà ni ọ̀rẹ́ náà, kò ní ohun tí yóò fi kún un. Ó sọ òtítọ́ fún wọn, ó sì gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n wọ ilé-ẹ̀kọ́ tí a ti ń bọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ méjì ni èyí jẹ́ fún wa: pé owó ẹnì kan ṣoṣo lè tán kí ọmọ tó dé ibi tí ó ń lọ, àti pé ètò tí ìjọ fi lélẹ̀ ni ó ń gbé ọmọ dé èbúté.

Ẹ̀kẹta ni al-Qasim, ọmọ Muhammad, ọmọ Abu Bakr. Wọ́n pa bàbá rẹ̀ ní Misra ní ọdún 38 lẹ́yìn Hijra, nínú fítínà ìgbà náà. Nana Àíṣà, ìyá àwọn onígbàgbọ́ òdodo, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ni ó gbà á tọ́. Imam Malik gbà á wá nínú Muwatta' pé Nana Àíṣà máa ń yọ sàká nínú dúkìá al-Qasim àti arákùnrin rẹ̀ nígbà tí wọ́n wà ní òrukàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Kò fi mọ sí dúkìá nìkan, ó kọ́ ọ ní ìmọ̀, títí al-Qasim fi di ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ fíkìhì méje tí Madina ń gbẹ́kẹ̀ lé. A kò níí tú ọ̀rọ̀ tí ó wáyé láàrin àwọn Sàhábé níbí. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ó ka ìtàn mọ̀ pé ní ọjọ́ ogun Jamal, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ tí Nana Àíṣà wà, ọ̀tọ̀ ni ti bàbá ọmọ yìí. Èyí kò dí i lọ́wọ́ láti gba ọmọ náà mọ́ra.

4. Ọmọ ta ni? Àpẹẹrẹ Maiduguri

Ìtàn al-Qasim yìí ni ó gbé wa dé Maiduguri, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Borno ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2007, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ Zannah Mustapha dá ilé-ìwé kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ òrukàn àti àwọn aláìní, orúkọ rẹ̀ ni Future Prowess Islamic Foundation School. Ọmọ 36 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń fún àwọn ọmọ ní oúnjẹ àti aṣọ ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ Àlùkùránì àti ẹ̀kọ́ ìgbàlódé ni wọ́n ń kọ́ pa pọ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 2009, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìjọba àti ẹgbẹ́ tí ayé mọ̀ sí Boko Haram. Láti ìgbà náà ni iye ọmọ òrukàn ti ń pọ̀ sí i ní Borno. Ẹgbẹ́ náà dójú lé ilé-ìwé: wọ́n pa olùkọ́, wọ́n dáná sun yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì jí ọmọbìnrin 276 kó ní Chibok ní oṣù Kẹrin ọdún 2014. Ilé-ìwé púpọ̀ ni ó ti ìlẹ̀kùn. Ilé-ìwé Mustapha kò tì í.

Ohun tí ó mú kí àpẹẹrẹ yìí ṣe pàtàkì fún wa ni àwọn tí ó gbà wọlé. Ó gba ọmọ ṣọ́jà tí wọ́n pa, ó sì gba ọmọ ẹni tí ó kú ní ìhà Boko Haram, wọ́n sì ń jókòó sí yàrá kan náà. Ó tún pe àwọn ìyá wọn, tí wọ́n jẹ́ opó, jọ kí wọ́n lè máa ran ara wọn lọ́wọ́ láti rí oúnjẹ òòjọ́. Ní ọdún 2017, nígbà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ti lé ní 500, àjọ UNHCR ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún un ní ẹ̀bùn Nansen.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan sọ pé: báwo ni a ó ṣe fi owó Mùsùlùmí kọ́ ọmọ ẹni tí ó pa Mùsùlùmí? Ìdáhùn wà nínú Sùúratu l-An'am, áyà 164, níbi tí Ọlọ́hun ti fi yé wa pé ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ẹnì kan kì í di ti ẹlòmíràn. Nínú hádíìsì tí a mọ̀ dáadáa, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) fi ìka rẹ̀ méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ṣàpèjúwe bí òun àti alágbàtọ́ ọmọ òrukàn yóò ti súnmọ́ra tó nínú alujanna. Nínú ẹ̀gbàwá Imam Muslim, a ṣe àlàyé pé bákan náà ni, yálà ìbátan alágbàtọ́ ni ọmọ náà tàbí ọmọ ẹlòmíràn. Kò sí ibi tí a ti ní kí a kọ́kọ́ wádìí ohun tí bàbá ọmọ ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kí a fi ọgbọ́n wò ó: ọmọ tí a lé kúrò ní ilé-ìwé nítorí bàbá rẹ̀, ta ni yóò gbà á bí kò ṣe àwọn tí ó ba bàbá náà jẹ́?

5. Ọ̀nà tí owó lè gbà wá

Ó yẹ kí àwọn ààfáà máa ṣe àlàyé yìí fún àwọn ọlọ́rọ̀. Áyà 60 nínú Sùúratu t-Tawbah ka ìsọ̀rí mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí, ọmọ òrukàn kò sì sí lára wọn gẹ́gẹ́ bí ìsọ̀rí ọ̀tọ̀. Nítorí náà, ọmọ òrukàn tí bàbá rẹ̀ fi ọrọ̀ sílẹ̀ fún kò ní ẹ̀tọ́ sí sàká. Èyí tí ó jẹ́ aláìní ni ó ní ẹ̀tọ́ sí i, nítorí àìní rẹ̀. Ẹ̀tọ́ yìí kò sì parí pẹ̀lú ìbàlágà, níwọ̀n ìgbà tí àìní bá ṣì wà. Imam an-Nawawi tilẹ̀ sọ nínú al-Majmu' pé ẹni tí ó lágbára láti ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ yóò gé e kúrò nínú wíwá ìmọ̀ Sharia, sàká tọ́ sí i.

Sàráà kò ní irú ìdíwọ̀n yìí. Ṣùgbọ́n bí sàráà ti ń wá ni ó ń lọ. Èyí tí ó lè gbé ọmọ láti kíláàsì àkọ́kọ́ títí dé òpin ni wákàfù: ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù tí a yọ sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́hun, tí owó ìyálé rẹ̀ yóò máa san owó olùkọ́ lọ́dọọdún.

6. Ohun tí ó yẹ kí alágbàtọ́ máa ṣọ́

Èkíní, kí ó ṣèlérí fún ìpele ẹ̀kọ́ kan tí yóò parí, kì í ṣe fún sáà kan ṣoṣo. Ọmọ tí a mú wọ ilé-ìwé tí a sì já sílẹ̀ ní ọdún kejì ti di òrukàn lẹ́ẹ̀mejì.

Èkejì, kí ó rántí ìyá ọmọ. Bí opó kò bá rí jẹ, yóò fa ọmọ kúrò ní ilé-ìwé kí ó lè kiri ọjà. Kò sì yẹ kí a fi ọmọbìnrin sílẹ̀ kí a mú ọmọkùnrin nìkan.

Ẹ̀kẹta, kí ó má yí orúkọ bàbá ọmọ padà. Sùúratu l-Ahzab, áyà 5, pàṣẹ pé orúkọ bàbá wọn ni kí a máa fi pè wọ́n.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn máa kọ ọ́ sílẹ̀. Áyà ìdánwò tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ni ó ní kí alámòójútó tí ó ní ọrọ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò, kí tálákà inú wọn jẹ ìwọ̀n tí ó tọ́, kí wọ́n sì pe ẹlẹ́rìí nígbà tí wọ́n bá ń dá dúkìá padà. Ẹni tí ó bá ju èyí lọ, kí ó ka áyà 10 nínú Sùúrà kan náà, níbi tí a ti fi iná wé ohun tí ó ń jẹ sí ikùn.

Ẹ̀karùn-ún, kí a bo àṣírí ọmọ. Kí a má tò wọ́n síwájú kámẹ́rà pẹ̀lú àpò ìrẹsì lọ́rí. Ọmọ tí a dójú tì nítorí ìwé lè kórìíra ìwé.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé àṣẹ ìdánwò inú Sùúratu n-Nisa' kò lè pé láìsí ẹ̀kọ́, pé ojúṣe alágbàtọ́ kò parí ní ọjọ́ ìbàlágà, àti pé a kì í béèrè ẹ̀ṣẹ̀ bàbá lọ́wọ́ ọmọ. Yorùbá ní, ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Bí a kò bá kọ́ ọmọ òrukàn, ilé tí yóò tà kì í ṣe ti bàbá rẹ̀ nìkan, ilé gbogbo wa ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin aṣíwájú ẹ̀sìn, bí Ramadan bá tún dé tí ẹ sì ń wáàsí lórí ọmọ òrukàn, ẹ fi ìbéèrè kan kún un: mélòó nínú àwọn ọmọ òrukàn àdúgbò wa ni ó wà ní ilé-ìwé, ta sì ni ó ń san owó wọn? Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹni tí yóò súnmọ́ Ànábì Rẹ̀ bí ìka méjì. Àmín.